Ta Ni Yóò Máa Gbé Cornwall?

Ohun tó bí mi nínú lọ́sẹ̀ yìí ni àwọn ìpolówó tó ń pe Cornwall ní ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn kò tíì kàn. Irọ́ gbáà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ ọ̀rọ̀ mi: ẹ má polówó ilé, kí ẹ fi onílé pamọ́. Ẹ̀rí mẹ́ta ni mo fẹ́ mú wá: bí ilẹ̀ náà ṣe rí, ìtàn rẹ̀, àti oúnjẹ rẹ̀.

Ti ilẹ̀ kò gùn. Ìpẹ̀kun gúúsù ìwọ̀-oòrùn England ni, òkun ló yí i ká, odò Tamar ló sì pa ọ̀pọ̀ jù lọ ààlà òun àti Devon. Ìtàn ló jù. Ilé olókùúta tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn létí òkun ní Botallack, ilé ẹ̀rọ ìwakùsà ni. Àwọn ará ibẹ̀ wa tánganran àti bàbà títí wọ́n fi gba abẹ́ òkun lọ. Ní 1919, ẹ̀rọ tí ń gbé awakùsà lọ sókè sódò já ní ibi ìwakùsà Levant, ènìyàn 31 sì kú. Kó tó dìgbà náà, nígbà tí owó bàbà já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1860, ọ̀pọ̀ ìdílé ti ṣí lọ sí Australia àti Gúúsù Áfríkà. Eden Project pàápàá, ọgbà ewéko tó ṣílẹ̀kùn ní 2001, inú kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ funfun ni wọ́n kọ́ ọ sí. Òógùn ènìyàn wà nínú ẹwà tí wọ́n ń tà yẹn.

Wọ́n á ní kùsà ti tán, àlejò ló ń bọ́ wọn báyìí. N kò jiyàn: ibi ìwakùsà South Crofty ti pa ní 1998. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ àlejò, ìgbà ooru nìkan ló ń ta, owó rẹ̀ kò sì lè bá olówó òkèèrè du ilé tó fẹ́ fi ṣe ibi ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará St Ives fi dìbò ní 2016 pé ẹni tí yóò máa gbé inú rẹ̀ ni kó ni ilé tuntun. Àwọn alátakò ní òfin náà kàn darí àwọn olówó sí ilé àtijọ́ ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ó kù síbẹ̀, kì í ṣe pé ó burú. Ẹ̀rí oúnjẹ, kó dúró ná. Èyí ló ká mi lára. Láti oṣù kẹrin 2025, ìjọba ìbílẹ̀ Cornwall ti sọ owó orí ilé ìsinmi di ìlọ́po méjì, mo sì fara mọ́ ọn. Kí wọ́n fi owó náà kọ́ ilé tí nọ́ọ̀sì àti apẹja lè háyà, tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn jáde níbẹ̀ nígbà tí ìgbà ooru bá dé.