Ẹ Má Fi Òróró Bo Ẹ̀gbin Inú Ìbọn

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin aya ọdẹ, ẹ̀yin ọmọ ọdẹ! Ọ̀rọ̀ ìbọn ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe bí a ṣe ń yìn ín. Ẹ mọ ìyẹn jù wá lọ. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí, ẹran tí mo ti pa láyé mi kò ju òkété lọ, pàkúté ni mo sì fi pa á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn lẹ́yìn tí ó bá ti dún tán ni a fẹ́ sọ.

Ọdẹ kan wà nínú kíláàsì àwọn àgbà tí mò ń kọ́. Àgbà ni, ó sì ti mọ orúkọ rẹ̀ kọ dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ìka méjì ti lọ. Ìbọn tí ó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, níbi ìdí, níbi tí ẹ̀tù máa ń wà.

Ó ní: "Olùkọ́, n kò fi ìbọn yẹn ṣeré rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ìgbẹ́ dé ni mo máa ń da àdín sí i nínú."

Òótọ́ ni ó sọ. Kò purọ́. Alágbẹ̀dẹ mú ayùn irin, ó la ìbọn náà sí méjì kí a lè wo inú rẹ̀. Ẹnu irin náà ń dán. Ṣùgbọ́n níbi ìdí, ihò wẹ́wẹ́ ni ó kún ibẹ̀, bí igi tí ikán ti jẹ. Irin tó nípọn ní ìta ti fẹ́lẹ́ ní inú. Àdín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wà lórí ẹ̀gbin. Ẹ̀gbin sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ irin lọ.

Kí ni ẹ̀gbin yìí? Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ohun mẹ́ta ni a fi ń ṣe ẹ̀tù dúdú: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí àwọn Faransé ń pè ní salpêtre. Tí iná bá mú ẹ̀tù, kì í jó tán. Bí a bá sun ẹ̀tù tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 100, nǹkan bí 55 nínú rẹ̀ kò ní di afẹ́fẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ ni èéfín funfun tí ẹ ń rí. Apá kan lẹ̀ mọ́ inú ìbọn.

Ohun tó lẹ̀ mọ́ inú ìbọn yìí, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ ọ̀kan nínú àwọn iyọ̀ náà. Òun ni ó wà nínú omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Ẹ bi wọ́n léèrè. Tí wọ́n bá se omi eérú náà gbẹ, tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síta ní alẹ́ nígbà òjò, kí ni wọ́n máa ń bá ní òwúrọ̀? Wọ́n á bá a pé ó ti rin. Òjò kò pa á. Fúnra rẹ̀ ni ó fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìbọn yín tí ó fara ti ògiri. Ẹ̀gbin náà ń fa omi ní òru. Omi iyọ̀ dé ara irin. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ẹ má rò pé oṣù kan ni yóò gbà. Nígbà òjò, òru kan tó.

A máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ pé omi ni ọ̀tá ìbọn. Nítorí náà ni wọn kì í fi omi kàn án. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Omi tí ó bá dúró sínú ìbọn ni ọ̀tá rẹ̀. Omi tí ó wọlé, tí ó kó ẹ̀gbin jáde, tí a sì nù gbẹ, òun ni oògùn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Ẹ fi iyọ̀ ọbẹ̀ sínú epo kí ẹ wò ó. Kò ní yọ́. Ẹ fi sínú omi, ó ti lọ.

Báwo ni kí a ṣe fọ̀ ọ́ nígbà náà? Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà nínú ìbọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbọn tí wọ́n rò pé ó ṣófo ti pa. Ẹ ti ọ̀pá tí ẹ fi ń ki ìbọn bọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ mọ̀ dájú pé kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣá àmì sára ọ̀pá náà, ní ibi tí ẹnu ìbọn mọ. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹ ó máa ka àmì yìí bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà. Tí àmì bá ga ju ẹnu ìbọn lọ, nǹkan wà ní ìsàlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọ ìbọn bẹ́ẹ̀, kí ó má sì gbé e sún mọ́ iná. Kí ó gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ.

Tí ó bá ṣófo, ẹ tú irin kúrò lára igi bí ó bá ṣeé tú, nítorí omi ń ba igi jẹ́. Ẹ gbé omi kaná kí ó gbóná dáadáa. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i. Ẹ dà á sí ẹnu ìbọn. Omi náà yóò gba ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé jáde. Bí kò bá jáde, ihò náà ti dí. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ là á. Ẹ wé aṣọ mọ́ ọ̀pá, kí ẹ fi fọ inú rẹ̀ lọ sókè lọ sísàlẹ̀. Omi àkọ́kọ́ yóò dúdú. Yóò sì máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, imí ọjọ́ inú ẹ̀tù ni. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún bu òmíràn. Ẹ má dúró títí omi yóò fi mọ́ tí òórùn náà yóò sì lọ. Omi ìkẹyìn kò gbọdọ̀ ní ọṣẹ nínú, ó sì gbọdọ̀ gbóná gan-an, kí irin náà lè gbóná, kí ó sì lè gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun.

Ìgbà yìí gan-an ni òróró kàn. Díẹ̀ ni. Òróró ẹ́ńjìnnì tí a kò tíì lò dára. Epo pupa máa ń dì nígbà ọyẹ́, kò dára tó o. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún fi aṣọ funfun wò ó. Bí ó bá jáde ní pupa bí ilẹ̀ amọ̀, ẹ̀gbin ṣì kù. Ẹ tún un fọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá sì ń lọ sí ìgbẹ́, ẹ nu òróró náà kúrò kí ẹ tó ki ìbọn, kí ó má baà ba ẹ̀tù jẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgbẹ́ níbẹ̀. Ẹ yìnbọn tán, ẹ fẹ́ tún un kì. Ẹyin iná lè wà nínú ẹ̀gbin náà. Ẹni tí ó bá da ẹ̀tù tààrà láti inú ado sí ẹnu ìbọn, iná lè sá gòkè wá bá gbogbo ado lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún ná. Ẹ wọn ẹ̀tù sínú nǹkan kékeré, kí ẹ tó dà á. Ẹ̀gbin tún máa ń mú kí ọ̀nà inú ìbọn há. Ọta kò ní lè sọ̀kalẹ̀ dé orí ẹ̀tù, àlàfo yóò wà láàárín wọn. Àlàfo yẹn lè mú kí ìbọn fọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá kan tó ti ṣe ológun rí dìde ní kíláàsì. Ó ní: "Olùkọ́ wa, a kì í da omi gbígbóná sí ti àwa. Oògùn kan wà tó ń ta ni nímú, òun ni a fi ń yọ bàbà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé bàbá ni ó ń sọ. Ẹ wo àmì ohùn dáadáa: bàbà, irin pupa tí a fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́.

Bàbá ológun kò ṣì sọ. Ìbọn tirẹ̀ yàtọ̀ ni. Ní 1886, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé gba ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Lebel. Wọ́n gbé e wá jagun ní Dànhọ̀mẹ̀ ní 1892. Ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín púpọ̀ ni wọ́n ń lò nínú rẹ̀. Ẹ̀tù yẹn ń lé ọta sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilà wà nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ó yí bí okùn tí a lọ́, kí ọta lè máa yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ. Òjé rọ̀ jù fún eré bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n fi ìròpọ̀ bàbà àti irin mìíràn bo òjé náà. Bí ọta ti ń ha ara ilà lọ, bàbà díẹ̀ díẹ̀ ń kù sára irin. Bí ó bá pọ̀ jù, ìbọn kì í gún ibi tí a fojú sùn mọ́. Omi kò ran bàbà yìí, òróró náà kò ràn án. Oògùn tí amóníà wà nínú rẹ̀ ni ó ń yọ́ ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ nu ẹ̀gbin ẹ̀tù kúrò. Wọ́n á fi oògùn náà sí i fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí a kọ sára ìgò. Aṣọ yóò jáde ní àwọ̀ aró. Wọ́n á ṣe é títí aṣọ kò fi ní yí àwọ̀ mọ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á fi òróró sí i. Ẹni tí ó bá fi búrọ́ọ̀ṣì onídẹ ṣe é lè ṣe é di alẹ́. Bàbà wà nínú idẹ, oògùn á máa yọ́ búrọ́ọ̀ṣì náà, aṣọ á sì máa jáde ní àwọ̀ aró. Ìta gbangba ni a ti ń ṣe é, nítorí ojú àti imú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ omi Javel. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ìbọn tí alágbẹ̀dẹ wa rọ, tí ó ń yin òjé àti irin wẹ́wẹ́, kò sí bàbà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ta oògùn bàbà fún yín ní ọjà, owó yín ni ó ń wá. Omi gbígbóná wà ní ilé, ọ̀fẹ́ ni.

Ìbọn tí ó ti pẹ́ tí a ti ń da òróró lé ẹ̀gbin inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fọ̀ ọ́ bí a ti wí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tó fún díẹ̀ wé ọ̀pá, kí ẹ tì í lọ dé ìdí. Bí aṣọ bá ń ya, tàbí tí ó ń há ní ibì kan, ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ má yìn ín mọ́. Ẹ gbé e lọ sí agbẹ̀dẹ kí wọ́n pààrọ̀ irin rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti bàbá yín ni. Ọdẹ wa ti padà sí kíláàsì. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí, láti àkọ́kọ́.