Owó Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ ní Trikania

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé kan ní Rigasa, nílùú Kàdúná, wọ́n sì tú àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 300 sílẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo irú òbí bẹ́ẹ̀ ni ìkà. Bí àrùn ọpọlọ bá ru sókè lóru ní Trikania, níbo ni wọn yóò gbé aláìsàn lọ? Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó ìtọ́jú àti ìtìjú kì í jẹ́ kí ẹbí tètè débẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Gọ́tà àti ọjà ni a sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe. Ó dára. Àmọ́ nọ́ọ̀sì méjì tó kọ́ nípa àrùn ọpọlọ, oògùn, ibùsùn díẹ̀ àti ọkọ̀ kan tí yóò gbé ẹni tí tirẹ̀ bá le lọ sí Barnawa kò pọ̀ jù fún wọn. Kí àwọn kánsẹ́lọ̀ kọ ọ́ sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀.