Aboyún, Ìrìn àti Òṣùwọ̀n

Bí obìnrin bá lóyún, ìmọ̀ràn méjì ni ó sábà máa ń gbọ́ nínú ilé: kí ó jẹun fún ẹni méjì, kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìfẹ́ ni ó ń mú kí àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ kò sì rìn, ara aboyún lè wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ọmọ sì lè tóbi jù, kí ìbímọ di ìṣòro.

Obìnrin tí kò sanra jù, tí kò sì rù jù kí ó tó lóyún, kílò 11 ààbọ̀ sí 16 ni ó yẹ kí ó fi wúwo sí i títí di ọjọ́ ìbí. Fún ẹni tí ó ti sanra díẹ̀ tẹ́lẹ̀, kílò 7 sí 11 ààbọ̀ ti tó.

Ìrìn ẹsẹ̀ kò béèrè owó. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba aboyún tí ara rẹ̀ dá nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Bí ó bá rin ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ó pé. Ẹni tí ń yára rìn díẹ̀ a máa gbé ìṣísẹ̀ bí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 30 yóò jẹ́ bí 3.000. Fóònù mìíràn a máa ka ìṣísẹ̀. Ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè wo aago.

Obìnrin Kétu tí ń ru igi ti oko bọ̀ ti rìn tó. Ìsinmi ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó jókòó ti ọjà ní Àjàṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, tí zémíjàn gbé lọ, tí ó tún gbé bọ̀, òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Kí ó kọ́kọ́ bi agbẹ̀bí léèrè. Kí ó má sì febi pa ara rẹ̀ nítorí kí ó lè rù. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi bá ń dà, bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí bí inú bá ń run ún, kí ó dúró, kí ó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kíákíá.

Níhìn-ín ni ìwé kíkà ti wúlò. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, agbẹ̀bí a máa wọn aboyún, a sì kọ kílò rẹ̀ sínú ìwé ìtọ́jú oyún. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbé ìwé yìí lọ, gbé e bọ̀, láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n kà lónìí lè fi kílò oṣù yìí wé ti oṣù tí ó kọjá, kí ó sì béèrè bóyá ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ọkọ tí ó bá sì bá aya rẹ̀ rìn ní ìrọ̀lẹ́ ti gbé nínú ẹrù náà, kí a lè gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ.