Ẹ Má Tíì Pa Á, Orúkọ Ṣì Ń Kọjá

Ẹ̀yin ará ọgbà, ẹ má bínú, ìjà ni mo gbé wá lónìí.

Sátidé tó kọjá, àwa mọ́kànlá há ara wa mọ́ yàrá kan ní họ́sítẹ̀lì, làpútọ́ọ̀pù kan, jẹnẹrétọ̀ kan tí gbogbo wa dáwó epo rẹ̀. A wo Iwájú láti apá kìíní dé apá kẹfà. Bí orúkọ àwọn tó ṣe é ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè báyìí, ẹnìkan na ọwọ́, ó pa á. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Ó ti parí nù un." Ẹlòmíì ní, "Disney mà gbìyànjú fún Èkó o." Gbogbo yàrá ní bẹ́ẹ̀ ni.

Disney wo? Walt Disney ti kú láti 1966. Ṣé òun ló jí dìde wá ya Èkó fún wa ni?

Àwọn mẹ́ta ló dá Kugali sílẹ̀: Tolu Olowofoyeku, Fikayo Adeola tí wọ́n ń pè ní Ziki, àti Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda. Ìwé àwòrán ni wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́ wọn. Ní 2019, wọ́n sọ̀rọ̀ lórí BBC, wọ́n ní àwọn máa na Disney ní Áfíríkà. Ẹ gbọ́ ẹnu! Disney gbọ́, kò bínú, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Nígbà tí Iwájú jáde ní ọjọ́ 28, oṣù kejì, 2024, Ziki ló darí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Tola ọmọ olówó Island àti Kole ọmọ Mainland bíi tiwa ni. Ẹ wá wo mọ́kànlá nínú ọmọ Mainland tí wọn ò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́ta yìí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ṣebí òyìnbó náà ló padà ṣe é." Òótọ́ ni. Iléeṣẹ́ Cinesite, ní London àti Montreal, ló mú àwòrán yẹn rìn. Ṣùgbọ́n níbo lo ti máa mọ ìyẹn tó o bá ti pa á? Inú orúkọ yẹn la ti ń rí ibi tí iṣẹ́ wà, àti èyí tí ọwọ́ wa ò tíì mọ̀.

Àti pé àìsàn yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mickey Mouse tí gbogbo ayé ń pè ní ọmọ Walt, ọwọ́ Ub Iwerks ló yà á, ní 1928. Ní 1930, Iwerks kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 1941, àwọn ayàwòrán Disney da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n dúró sẹ́nu géètì. Art Babbitt wà níwájú. Owó gidi ni Babbitt ń gbà o, ebi kọ́ ló lé e jáde. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ torí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni. Lára ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ń ya á, orúkọ wọn kì í hàn.

Èmi náà ti rí i. Àwa mẹ́rin ṣe kátúùnù oníṣẹ́jú kan fún ìdíje kan. Fíìmù gidi máa ń lo àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbára wa ò gbé e, a lo 8. Ìyẹn náà jẹ́ 480. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Mushin ló ya èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú pẹ́ńsù, lórí bébà tá a fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi hàn, orúkọ ẹni tó ni làpútọ́ọ̀pù nìkan ló jáde. Ọ̀rẹ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Káàdì ìgbéyàwó ló ń ṣe ní Ṣómólú báyìí, kò sì ya àwòrán tó ń rìn mọ́. Èmi náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má sì wí fún mi pé ẹni ńlá ni wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí ṣe. Yabatech tó wà nítòsí wa níbí ni Niyi Akinmolayan ti kàwé, ẹnjiníà ló kọ́, kì í ṣe àwòrán. Ó ṣe Kajola ní 2010, àwọn èèyàn ò gba tiẹ̀ rárá. Kò sá. Iléeṣẹ́ rẹ̀, Anthill, ló bá Roye Okupe gbé Malika jáde ní 2019. Ọ̀gá tó bá ṣubú lójú gbogbo ayé tó sì padà wá kó ọmọ iṣẹ́ jọ, tèmi nìyẹn.

Sátidé tó ń bọ̀, yàrá kan náà, aago méje alẹ́. Malika la máa wò, kò gùn. Kí kálukú mú owó epo dání. Èmi ni màá jókòó ti làpútọ́ọ̀pù.