Ẹni Tí Ó Gbọ́ràn Ni Ó Gbọ́

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, àṣà wa ni láti ka ọdún, láti ka ilé tí a kọ́, àti láti ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n ti di ẹni ńlá láwùjọ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní orúkọ Kristi ní ìbéèrè mìíràn tí ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀: ǹjẹ́ àwọn ọmọ tí a tọ́ níhìn-ín lè dá ohùn Ọlọ́run mọ̀ nígbà tí Ó bá pè wọ́n? Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́jáde, ìbéèrè náà kò mọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ǹjẹ́ àwa fúnra wa ṣì ń gbọ́?

Kì í ṣe pé ìwàásù ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Àdúgbò wo ni kò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àní méjì tàbí mẹ́ta? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń bẹ lórí rédíò, ó ń bẹ lórí fóònù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ń gbé e wọ yàrá ẹni tí ó ti sùn. “Olúwa sọ fún mi” ti di gbólóhùn tí ẹnu kì í rò mọ́ kí ó tó sọ ọ́. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n èké kò kúrò lọ́jà, rìbá kò sì kúrò lọ́fíìsì. Bí ohùn bá pọ̀ tó báyìí tí ìwà kò sì yí padà, a jẹ́ pé etí ni àrùn wà, kì í ṣe ẹnu Ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Èdè wa fúnra rẹ̀ lè là wá lóye lórí ọ̀ràn yìí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè Yorùbá, ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 1850. Odidi Bíbélì kò parí títí di ọdún 1884. Nínú ìwé náà ni Pọ́ọ̀lù ti kọ́ni pé gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka ẹ̀kọ́ yìí kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí gbígbọ́ wà nínú ìgbàgbọ́ gan-an. Bákan náà ni ìgbọràn: ẹni tí ó gbọ́ ọ̀ràn ni ó gbọ́ràn. Bí ìyá bá pariwo mọ́ ọmọ pé, “Ìwọ ọmọ yìí, o kì í gbọ́!” kò sí ẹni tí yóò rò pé etí ń dun ọmọ náà. Ohun tí ìyá ń sọ ni pé a rán an níṣẹ́, kò sì jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, èrò mi ni pé ohun tí à ń pè ní etí dídi nípa ti ẹ̀mí, àìgbọràn tí ó ti pẹ́ lára ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn àgbà wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ kò ṣíwọ́ fèrè fífọn. Ajá ni ó ti tẹ̀lé òórùn ohun mìíràn wọ inú igbó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e jìnnà sí i.

Kò sí ìtàn tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́ ju ti Sámúẹ́lì ọmọ Hánà lọ. Láti kékeré ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìsìn ní ilé Olúwa ní Ṣílò; níbi tí àpótí Ọlọ́run gbé wà ni ó ń sùn. Síbẹ̀, nígbà tí Ọlọ́run pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sáré tọ Élì lọ, tí ó rò pé àgbà náà ni ó pe òun. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Kíka Bíbélì ní ìsìn òwúrọ̀ dára, wíwà nínú ẹgbẹ́ akọrin dára, ṣùgbọ́n ọmọ lè sùn lẹ́bàá àpótí Ọlọ́run kí ó má tíì mọ ohùn Rẹ̀. Ẹnìkan ní láti kọ́ ọ.

Élì ni ó kọ́ Sámúẹ́lì. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìpè náà kì í ṣe ti òun. Kò gbà á mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ó ní kí ó padà lọ dùbúlẹ̀, ó sì kọ́ ọ bí ìránṣẹ́ tí ó ti múra àtigbọ́ ṣe ń dáhùn. Ìdájọ́ lórí ilé Élì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́; Élì ni ó fi dandan lé e pé kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pa mọ́. Àgbà náà ti gbọ́ nípa ìwà Hófínì àti Fíníhásì, àwọn ọmọ rẹ̀, tipẹ́tipẹ́, nítorí àwọn ènìyàn ń ròyìn wọn fún un. Ó fi ẹnu bá wọn wí, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun. Nínú ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ni a ti rí olùkọ́ rere, tí a sì rí ẹni tí ó kọ etí ikún sí ohun tí ó ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Àwọn òbí kan ń bẹ tí wọn yóò gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìdánwò WAEC ọmọ wọn, tí wọn yóò ṣe ìṣọ́ òru, tí wọn yóò sì gbàdúrà lé bírò tí ọmọ yóò fi kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò san owó ní ibùdó ìdánwò tí àwọn ènìyàn ń pè ní “miracle centre”, níbi tí a ti ń kọ ìdáhùn fún ọmọ. Ọmọ náà ń gbọ́. Ó ń gbọ́ pé a lè fi owó pa ohùn Ọlọ́run lẹ́nu mọ́. Bí ó bá di ọ̀gá lọ́la, tí kò gbọ́ igbe opó tí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ há sọ́fíìsì, ẹ má bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn òbí wọ̀nyí náà ni yóò wá kúnlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn láti béèrè ìtọ́sọ́nà lórí ìgbéyàwó tàbí ìrìn-àjò, tí wọn yóò ní Ọlọ́run dákẹ́. Kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Ó sọ kẹ́yìn ni wọn kò tíì ṣe.

Ẹnìkan lè wí pé àmì ńlá ni Ọlọ́run fi ń pe ènìyàn, kí ó sì mẹ́nu ba Joseph Ayo Babalola, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà, tí ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ ìpè lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dákẹ́ ni a máa ń rántí. A kì í rántí tó pé ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì lọ. Ní òkè Hórébù, Èlíjà rí ìjì, ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná, kí ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó dé. Ohùn náà bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀, ó sì rán an padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí fún wa ní òṣùwọ̀n lónìí tí àwọn aríran ń yan ọkọ, tí wọ́n sì ń yan iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohùn tí ó bá ta ko Ìwé Mímọ́ kì í ṣe ti Ọlọ́run. Ohùn tí kì í bá wa wí rí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohùn ara wa.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ jẹ́ kí ilé wa ní àkókò kan lójúmọ́ tí fóònù òbí àti ti ọmọ yóò dákẹ́, tí a óò ka Bíbélì, tí a óò sì bi ara wa pé, “Kí ni a ó ṣe sí èyí?” Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè sọ òtítọ́ tí ó dun àgbà, bí Sámúẹ́lì ti sọ ọ́ fún Élì, kí a má sì fi ọjọ́ orí pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí ẹ bá wá kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún dúró ní ìsìn òwúrọ̀ kan, kí ẹ sọ fún àwọn àbúrò yín nípa ọjọ́ tí ẹ kọ rìbá, àti ohun tí ó ná yín. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ wọn ní gbígbọ́ ju ìwàásù wákàtí kan lọ.

Kí Ọlọ́run tí ó pe Sámúẹ́lì máa pe àwọn ọmọ wa. Kí Ó sì bá àgbà nílé, tí yóò rán wọn padà láti dáhùn. Àmín.