Ẹ Má Torí Ìṣirò Gbé Ọmọ Wá Fún Ìtúsílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sí ọ́fíìsì mi. Praimárì 5 lọmọ náà wà. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́wọ́ lé e lórí. Gbogbo ìgbà ló ń fẹ́ẹ̀lì ìṣirò. Wọ́n ti so orí ọmọ yìí mọ́lẹ̀ nílé bàbá ẹ̀." Mo gbàdúrà, mi ò lè ṣàì gbàdúrà. Àmọ́ lẹ́yìn àmín, mo ní kó mú ìwé ẹ̀ wá.

Ìbéèrè tó gbà ṣì nìyí, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́: ìyá kan ra ọsàn dọ́sìnnì 4, ₦1,200 ni dọ́sìnnì kan. Ọsàn 6 bàjẹ́. Ó ta ìyókù ní ₦150 ẹyọ kan. Èló lèrè rẹ̀? Ẹ mọ ohun tọ́mọ yìí ṣe? Ó ro 4, 1,200, 6 àti 150 pọ̀, ó kọ 1,360. Ìròpọ̀ yẹn gan-an ò ṣì o! Mo bi í pé, "1,360 kí ni? Náírà ni àbí ọsàn?" Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Gbé bírò sílẹ̀. Sọ ìtàn ìyá yẹn fún mi ní Yorùbá." Ó dákẹ́. Kò mọ̀ pé ìtàn ni. A wá ń kà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni dọ́sìnnì kan? Méjìlá. Ọsàn 48 ló rà nìyẹn. Èló ló ná? ₦1,200 lọ́nà mẹ́rin, ₦4,800. Títí débẹ̀, èmi ni mò ń béèrè. Ìgbà tá a dórí ọsàn tó bàjẹ́, ojú ẹ̀ là: "Dádì, kò lè ta ìyẹn!" Ó yọ 6 kúrò nínú 48, ó ku 42. ₦150 lọ́nà 42, ₦6,300. Ó yọ ₦4,800 kúrò, èrè di ₦1,500. Ó ní ọ̀rọ̀ "remainder" tó wà níbẹ̀, inú ìṣirò pínpín nìkan lòun ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ fún oníbàárà ata ní ṣéńjì lọ́jọ́ ọjà! Ta ló so orí ẹ̀ mọ́lẹ̀?

Èmi náà jẹ̀bi. Mo máa ń gbá àkọ́bí mi létí nítorí irú ìbéèrè yìí. Tó bá sunkún tán, n ó gba bírò, n ó kọ ìdáhùn ká lè tètè sùn. Lóde òní, a ò tiẹ̀ gba bírò mọ́. Fóònù la fi ń ya fọ́tò iṣẹ́ àṣetiléwá, ìdáhùn á jáde, olùkọ́ á máàkì í dáadáa. Gbọ̀ngàn ìdánwò ńkọ́? Ṣé ẹ óò bá a wọlé ni?

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, Òyìnbó ni wọ́n á fi ṣe WAEC." Mo gbà, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yé e ná. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún 6. Wọ́n kọ́ wọn ní Òyìnbó náà, lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn sáwọn tó yí sí Òyìnbó ní kíláàsì kẹrin.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò kọ́áyà, mo máa wà ní gbọ̀ngàn kékeré. Ẹ kó àwọn ọmọ wá pẹ̀lú ìwé ìṣirò wọn. Ẹ fi fóònù sílé.