Ẹ Yé Pe Iṣẹ́ Ọwọ́ Ní Wèrè: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Fuel Altered Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, bí n kò bá sì sọ ọ́ síta, ara ò ní rọ̀ mí.

Àbúrò mi tó wà ní Ìlú Ọba ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ kan ni, Havoc lorúkọ rẹ̀, ó ń sáré ní Santa Pod. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní fuel altered ni. A tó mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù tí a jọ ń wò ó lórí fóònù. Iná ń yọ lẹ́nu sáléńsà, ọkọ̀ ń ta sọ́tùn-ún, ó ń ta sósì bí ẹṣin tí kò fẹ́ kí wọ́n gun òun. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti dé òpin, párásúùtì ti ṣí lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ló kọ́kọ́ pòṣé. Ó ní, "Wèrè ni wọ́n! Owó ló pọ̀ jù lọ́wọ́ òyìnbó. Epo tí èèyàn ń wá kiri ni wọ́n ń dáná sun." Ẹnìkejì ní, "Ṣebí ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lálẹ́ lójú títì náà nìyẹn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ fèsì níbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Kí ni fuel altered gan-an? Ọkọ̀ àtijọ́ kékeré ni wọ́n máa ń wá. Nínú èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Fiat kékeré kan tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Topolino, ìyẹn èkúté kékeré. Ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ 569 cc, agbára rẹ̀ kò ju ẹṣin 13 lọ. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù, wọ́n á fi páìpù wẹ́ẹ̀dì ṣáṣí tuntun, wọ́n á gbé bọ́dì èkúté yẹn lé e lórí, wọ́n á wá gbé ẹ́ńjìnnì V8 ńlá ti Amẹ́ríkà síwájú awakọ̀. Nǹkan tí wọ́n ti yí padà ni ìtumọ̀ altered. Fuel sì ni orúkọ tí wọ́n fún irú epo tó ń mu, màá dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta páàtì tírélà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Lórí ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ̀rọ ńlá kan wà tó ń fi tipátipá ti afẹ́fẹ́ wọlé. Supercharger lorúkọ rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ara ẹ́ńjìnnì dísù General Motors ni, èyí tí wọ́n ń pè ní 6-71: mẹ́fà ni iye sìlíńdà rẹ̀, 71 sì ni ìwọ̀n sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì yìí ló ń ti ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àwọn sójà gúnlẹ̀ sétí òkun. Ó wà nínú àwọn táǹkì Sherman kan pẹ̀lú. Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn eré ìje tú supercharger náà kúrò lára dísù, wọ́n gbé e lé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kékeré. Kì í ṣe olówó ló ronú kan èyí. Ẹni tó dúró níwájú òkìtì irin, tó sì rí nǹkan nínú rẹ̀, ló ronú kàn án. Ṣé a ò mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Pántẹ́kà níbí? Ojoojúmọ́ là ń kí wọn.

Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní àwọn ọdún 1960, Pure Hell àti Winged Express ló gba ẹnu àwọn èèyàn níbẹ̀. Willie Borsch tó ń wa Winged Express, ọwọ́ kan ló fi ń di ìdarí mú! Ìdí tí ọkọ̀ wọ̀nyí fi ń jà bẹ́ẹ̀ kò ṣòro. Dragster gidi gùn tẹẹrẹ, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún wọ̀nyẹn, láti táyà iwájú sí tẹ̀yìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Altered kò ju bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án lọ. Agbára tó wà nínú èyí tó gùn ló wà nínú èyí tó kúrú. Ẹni tó bá ti ti ọmọláńkẹ́ kúkúrú tẹ́rù pọ̀ lórí rẹ̀ rí, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe dé Ìlú Ọba? Ọkùnrin kan wà ní Clapham, ní Lọ́ńdọ̀nù, Sydney Allard. Oníṣòwò ọkọ̀ ni, bíi tiwa. Ó ń kọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló sì fi gba ipò kìíní ní Monte Carlo Rally lọ́dún 1952. Ní 1961, ó kọ́ dragster kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Chrysler àti supercharger dísù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1964, wọ́n pe àwọn eléré Amẹ́ríkà wá, Don Garlits wà lára wọn, kí àwọn ará Ìlú Ọba lè fojú ara wọn rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Níbo ni wọ́n ti sáré? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Wọn ò sáré lójú títì. Orí pápá ọkọ̀ òfurufú tí ogun fi sílẹ̀ ni wọ́n lò, bíi Blackbushe. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1966, wọ́n ṣí Santa Pod ní Podington, ní Bedfordshire. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú B-17 ti Amẹ́ríkà ti ń gbéra lọ ju bọ́ǹbù sí ilẹ̀ Jámánì. Orúkọ Podington ni wọ́n gé, wọ́n so ó mọ́ Santa Ana, ibi tí wọ́n ti ń sá irú eré yìí ní Kalifóníà. Allard fúnra rẹ̀ kú lọ́dún yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ibi ìsáré ti wà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní láti fara pamọ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni altered Ìlú Ọba ti dàgbà. Ẹ́ńjìnnì V8 Amẹ́ríkà kò sí ní gbogbo kọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àwọn kan nínú wọn fi ẹ́ńjìnnì Jaguar sínú ọkọ̀ ìsáré wọn. Wọ́n mú bọ́dì Ford Popular, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù tó wà lára àwọn tó pọ́ọ́kú jù nílùú wọn ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ ìsáré. Nígbà tí àwọn Funny Car dé, tí wọ́n yá ju altered lọ, ó yẹ kí altered kú. Wọn ò jẹ́ kó kú. Títí dòní, ní Dragstalgia tí wọ́n ń ṣe ní Santa Pod nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, irú Havoc ṣì ń sáré, bàbá ń gbé ọmọ rẹ̀ sọ́rùn kó lè rí i. Ṣé wèrè ló ń pa ìtàn mọ́ báyìí?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ epo. Bàbá, ẹ forí jì mí, epo tí ẹ rí yẹn kì í ṣe pẹtiróòlù rárá. Nitromethane ni. Kẹ́míkà ni, ọ́síjìn tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí kílò pẹtiróòlù kan tó jó tán dáadáa, ó nílò afẹ́fẹ́ bíi kílò 14.7. Nitromethane, kílò 1.7 péré ti tó o. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì lè jó ìlọ́po mẹ́jọ epo náà, ibẹ̀ ni agbára yẹn ti ń wá. Ìdámẹ́rin máìlì ni wọ́n ń sá, mítà 402, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Jẹnẹrétọ̀ tí a fi ń tan iná òde ìnáwó wa láti ìrọ̀lẹ́ di ọjọ́ kejì ńkọ́? Àwa la máa sọ̀rọ̀ ìfepoṣòfò?

Ọ̀rọ̀ kejì ló dùn mí jù, pé ohun kan náà ni pẹ̀lú eré òru lójú títì. Irọ́ ni! Ní Santa Pod, wọ́n á yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó sún mọ́ ojú ìlà. Awakọ̀ á wọ aṣọ tí iná kì í tètè ràn, á dé akoto, irin á yí i ká, párásúùtì á wà lẹ́yìn. Àwọn panápaná àti dókítà wà nítòsí. Èrò wà lẹ́yìn ògiri. Kò sí ìyá aláàkàrà tó ń sọdá, kò sí ọlọ́kadà, kò sí tírélà tó dúró sínú òkùnkùn láìsí iná.

Mi ò ní kò léwu o. Ó léwu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní ibi tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dé egungun mi. Mo ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan nígbà kan. Ó mọ ẹ́ńjìnnì ju èmi ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ó lè tẹ́tí sí ọkọ̀ kó sọ sìlíńdà tí kò ṣiṣẹ́. Lálaalẹ́ ló ń wo fídíò ọkọ̀ ìsáré, ó ń bi mí ní ìbéèrè. Kí ni mo sọ fún un? Mo ní, "Wèrè ni wọ́n, lọ jókòó." Mo rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sátidé. Ní òru ọdún Kérésì kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sáré lójú títì. Àárọ̀ ni wọ́n wá pè mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Èmi àgbà mọ̀ ọ́n, mi ò sọ. Èébú ni mo fi dá a lóhùn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù àti gáréèjì, bí ọmọ kan bá fẹ́ràn eré ọkọ̀, ẹ má pè é ní wèrè. Ẹ jókòó tì í, ẹ wo fídíò yẹn pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ fi akoto, irin àti párásúùtì hàn án, kí ó rí i pé akin gidi kì í sáré láàárín èrò. Ẹ sọ fún un kedere pé ojú títì kọ́ ni ibi ìsáré. Ẹgbẹ́ wa náà, bí a bá ti ń dáwó aṣọ ẹbí lọ́dọọdún, a lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ mẹkáníìkì wa fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, níbi tí èrò kò sí. Àwọn ará Ìlú Ọba ò dúró de ibi tuntun, pápá tí ogun lò tán ni wọ́n rí lò.

Bàbá tó pòṣé, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí ọmọ yín bá ń wò ó lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá a wò ó.

Èmi ni ti yín, oníṣòwò páàtì, Kàdúná.